Ọpọlọ Màlúù àti Oògùn Àìsàn Orí

Bí ènìyàn bá dé ìsọ̀ àwọn alápatà ní ọjà Ọ̀wọ̀ ní òwúrọ̀, yóò rí i pé kò sí ẹ̀yà ara màlúù kan tí a ń dà nù. Ẹran a di ti ọlọ́bẹ̀, awọ a di pọ̀nmọ́, ẹsẹ̀ àti ìfun ní àwọn tí ń rà wọ́n, ìwo àti eegun pàápàá ní ìlò tiwọn. Nígbà tí alápatà bá sì fi àáké la orí màlúù, a ó rí ohun rírọ̀ kan nínú rẹ̀ tí ó funfun díẹ̀, tí ó ká wọ inú ara rẹ̀, tí iṣan ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ sì ta yí i ká. Ọpọlọ ni èyí. Àwọn kan a máa sè é jẹ, àwọn mìíràn kì í fẹ́ rí i. Ṣùgbọ́n kò pọ̀ nínú wa tí ó mọ̀ pé láti inú irú ọpọlọ yìí ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè kan tí ó ti pẹ́ tí ó ti ń da ọmọ aráyé láàmú: kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú orí ẹni tí iyè rẹ̀ dàrú, tàbí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n láìdábọ̀, kí sì ni oògùn ń ṣe níbẹ̀ tí ara irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi ń balẹ̀?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti àwọn onímọ̀ nìkan. Láti Ọ̀wọ̀ títí dé Ìfọ́n àti Ìdóàní ní agbègbè Ọ̀sẹ̀, ó ṣòro kí a tó rí agbo-ilé ńlá kan tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ kò kàn rí. Nígbà mìíràn a ní ayé ni ó ń bá aláìsàn náà jà. Nígbà mìíràn a ní èpè ni. A sì ti fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ de ẹlòmíràn mọ́lẹ̀ nítorí pé a kò mọ ohun tí a ó ṣe sí i. Àwọn àgbà wí pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹni tí yóò wo àìsàn sàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí àìsàn náà fi ṣe ilé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ọpọlọ ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ọpọlọ kún fún ohun abẹ̀mí kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Iye wọn nínú orí ènìyàn kan pọ̀ ju iye gbogbo ènìyàn tí ó wà láyé lọ. Sẹ́ẹ̀lì kan kì í fara kan èkejì pátápátá. Àlàfo tóóró kan a máa wà láàárín wọn. Nígbà tí èkínní bá fẹ́ bá èkejì sọ̀rọ̀, a tú ìránṣẹ́ kan sínú àlàfo náà. Ọ̀kan nínú àwọn ìránṣẹ́ wọ̀nyí ni dópámíìnì. Òun ni ó ní ọwọ́ nínú bí a ti ń rìn, bí a ti ń gbé apá àti ẹsẹ̀, bí nǹkan ti ń wu ọkàn wa láti ṣe, àti bí a ti ń mọ ohun tí ó yẹ kí a fiyè sí yàtọ̀ sí ohun tí kò tó nǹkan.

Ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ kò lè jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an bí kò bá rí ẹni tí yóò gbà á. Ní ara sẹ́ẹ̀lì tí a ránṣẹ́ sí, ohun kan wà tí ó dà bí àgádágodo, dópámíìnì sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá bọ́ sí ojú ihò, nígbà náà ni sẹ́ẹ̀lì náà tó mọ ohun tí yóò ṣe. Receptor ni orúkọ tí àwọn òyìnbó fún àgádágodo yìí. Nínú ẹ̀kọ́ wa, olùgbà ni a ó máa pè é, nítorí òun ni ó ń gba iṣẹ́ tí a rán. Ó kéré púpọ̀púpọ̀, ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Báwo ni ọmọ ènìyàn ti ṣe mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà? Apá kan nínú ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ láti inú igbó, irú igbó tí ó yí wa ká. Igi kan wà nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá tí ó ń so èso pupa kéékèèké. Àwọn ẹyẹ fẹ́ràn èso náà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn baba wa fi sọ igi náà ní asofẹ́yẹjẹ, èyí nì ni igi tí ó ń so fún ẹyẹ jẹ. Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn oníṣègùn wa ti ń lo gbòǹgbò rẹ̀ fún ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, láti mú ara rẹ̀ rọ̀ àti láti jẹ́ kí ó rí oorun sùn. Ní ilẹ̀ Íńdíà pẹ̀lú, àwọn ènìyàn ń lo ìbátan igi yìí fún irú àìsàn kan náà, bẹ́ẹ̀ ni Íńdíà jìnnà sí wa gan-an.

Ní ọdún 1952, àwọn onímọ̀ ní ìlú Basel ní ilẹ̀ Switzerland yọ ohun tí ó ní agbára jù lọ jáde láti inú gbòǹgbò igi ti Íńdíà náà, wọ́n sì sọ ọ́ ní reserpine. Asofẹ́yẹjẹ tiwa náà ní reserpine nínú. Ní ọdún 1954, ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, lábẹ́ Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta. Lambo kò ti gbogbo aláìsàn mọ́lé. Ó ṣètò pé kí ọ̀pọ̀ wọn máa gbé ní àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká, kí ẹbí wọn wà pẹ̀lú wọn, kí wọ́n sì máa ṣiṣẹ́ bí àwọn ará abúlé yòókù ti ń ṣe. Ó tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá láti bá a ṣiṣẹ́. Ọmọ ilẹ̀ Kánádà kan, Dókítà Raymond Prince, tí ó ṣiṣẹ́ ní Arò, kọ ìwé ní ọdún 1960 nípa bí àwọn oníṣègùn Yorùbá ti ń lo asofẹ́yẹjẹ fún àrùn ọpọlọ. Báyìí ni ayé fi gbọ́ pé kì í ṣe àfọ̀ṣẹ nìkan ni ó wà nínú àgbo àwọn baba wa.

Kí ni reserpine ń ṣe nínú orí? Arvid Carlsson, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ni ó fi èyí hàn ní ọdún 1957. Ó fún àwọn ehoro ní reserpine. Àwọn ehoro náà dákẹ́ rọ́rọ́, etí wọn wọlẹ̀, wọn kò sì lè rìn mọ́. Lẹ́yìn èyí ó fún wọn ní ohun kan tí ara fi ń ṣe dópámíìnì, tí à ń pè ní L-DOPA. Kò pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n fi na etí sókè tí wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni a ti mọ̀ pé reserpine ń tú àpò tí sẹ́ẹ̀lì fi ń pa dópámíìnì mọ́, tí àpò náà fi ń ṣófo. Ní ọdún 2000 ni Carlsson gba Ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí dópámíìnì, òun pẹ̀lú Paul Greengard àti Eric Kandel ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ohun tí Carlsson rí lára ehoro fara jọ àìsàn kan tí dókítà ará Ìlú Ọba kan, James Parkinson, ti kọ ìwé nípa rẹ̀ láti ọdún 1817. Ẹni tí àìsàn yìí bá ń ṣe, ọwọ́ rẹ̀ a máa gbọ̀n, ara rẹ̀ a le, ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì wúwo láti gbé. Ní ọdún 1960, Oleh Hornykiewicz àti ẹnìkejì rẹ̀ ní ìlú Vienna yẹ ọpọlọ àwọn tí àìsàn yìí ti pa wò, wọ́n sì rí i pé dópámíìnì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní apá kan pàtó nínú rẹ̀. L-DOPA di oògùn fún irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ẹ ṣàkíyèsí pé wèrèpè, tí ó ń yún ni lára bí ènìyàn bá fara kàn án lóko, ní L-DOPA nínú èso rẹ̀. Ohun tí à ń sá fún lẹ́bàá oko lè ní ohun tí aráyé ń wá nínú.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a fi iṣẹ́ ọpọlọ wé ti ìránṣẹ́ tí a rán láti Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ́n. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà kí iṣẹ́ náà má dé. Èkínní, kí a má jẹ́ kí ìránṣẹ́ kúrò ní Ọ̀wọ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀ ni reserpine ń ṣe. Èkejì, kí ìránṣẹ́ dé Ìfọ́n, ṣùgbọ́n kí ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Láti ọdún 1952 ni àwọn dókítà ti ń lo àwọn oògùn mìíràn, bíi chlorpromazine, àti haloperidol tí ó dé ní ọdún 1958, tí ń mú ọkàn àwọn tí orí wọn dàrú balẹ̀. Àwọn oògùn wọ̀nyí kò tú àpò dópámíìnì. Carlsson àti àwọn mìíràn rò pé ilẹ̀kùn ni wọ́n ń tì, èyí nì ni pé wọ́n ń jókòó sí ojú ihò àgádágodo kí kọ́kọ́rọ́ má baà wọlé. Ṣùgbọ́n èrò ni èyí ṣì jẹ́. Kò sí ẹni tí ó tí ì fi ọwọ́ kan olùgbà náà. Ọdún 1975 ni Solomon Snyder àti àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, àti Philip Seeman àti àwọn tirẹ̀ ní ìlú Toronto ní Kánádà, fi hàn gbangba pé olùgbà dópámíìnì wà, àti pé a lè kà á. Ọpọlọ ọmọ màlúù láti ilé ìpẹran wà nínú ohun tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà.

Báyìí ni a ti ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní kété tí a bá ti pa ẹran tán ni a ó gbé ọpọlọ rẹ̀ sórí yìnyín. Ìdí èyí ni pé olùgbà jẹ́ ohun tí ó jọ funfun ẹyin. Bí ooru bá mú un, yóò yí padà, kò sì ní lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹyin sísè kò ti lè padà di tútù. Kì í ṣe gbogbo ọpọlọ ni a ń lò. Apá kan wà ní ìsàlẹ̀ inú rẹ̀ tí ó ní ìlà-ìlà, tí a ń pè ní striatum. Ibẹ̀ ni dópámíìnì pọ̀ sí jù. A ó gé e jáde, a ó sì lọ̀ ọ́ kúnná nínú omi tútù tí a ti po iyọ̀ mọ́, tí kò kan, tí kò sì korò.

Lẹ́yìn èyí, a ó da á sínú ẹ̀rọ kan tí ń yí bírí-bírí. Yíyí náà le tó bẹ́ẹ̀ tí agbára tí ó fi ń ti nǹkan lọ sí ìsàlẹ̀ ìgò fi lè tó ìlọ́po 50,000 agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan. Gẹ́gẹ́ bí ògì ti ń sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò tí omi rẹ̀ sì ń là lókè, bẹ́ẹ̀ ni awọ àwọn sẹ́ẹ̀lì, níbi tí olùgbà wà, yóò sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò. A ó da omi òkè nù, a ó tún omi mìíràn bù sí i, a ó sì tún yí i. Nígbà mìíràn a ó gbé e sínú ooru tí kò ju ti ara ènìyàn lọ fún ìgbà díẹ̀. Gbogbo èyí ni a ń ṣe kí dópámíìnì tí ó jẹ́ ti màlúù náà lè kúrò lójú ihò, kí àyè lè ṣí sílẹ̀ fún èyí tí àwa fẹ́ fi dán an wò.

Báwo ni a ó ṣe ka ohun tí a kò lè rí? A ó lo oògùn kan tí ó máa ń di olùgbà náà mú, bíi haloperidol, tí a ti fi irú hydrogen kan tí ń ta ìtànṣán ṣe àmì sí lára. Ibikíbi tí oògùn alámì náà bá lọ, ẹ̀rọ yóò mọ̀ ọ́n. A ó po ó mọ́ awọ sẹ́ẹ̀lì nínú ìgò, a ó dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, a ó sì yára da á sórí asẹ́ tí a fi òwú dígí ṣe. Oògùn tí kò rí ibi dì mú yóò bá omi lọ. Èyí tí ó di nǹkan mú yóò kù sórí asẹ́, a ó sì gbé e fún ẹ̀rọ kí ó kà á.

Ṣùgbọ́n níhìn-ín ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Ká wí pé a ta àtíbàbà sí ojúde kan nígbà ìnáwó, a sì to àga fún àwọn tí a pè. Òjò dé, àwọn tí a kò pè náà sì sá wọ abẹ́ àtíbàbà. Bí a bá ka gbogbo orí tí ó wà níbẹ̀, iye náà yóò ju iye àwọn tí ó jókòó lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni oògùn alámì: ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ń jókòó sórí àga, èyí tí í ṣe olùgbà, ṣùgbọ́n díẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rá àti asẹ́ lásán bí ẹni tí ń yà fún òjò. Nítorí náà ìgò méjì ni a ń lò. Nínú ìgò kejì, a ó kọ́kọ́ bu ọ̀pọ̀lọpọ̀ oògùn tí kò ní àmì sí i, kí ó gba gbogbo àga. Oògùn alámì tí a bá tún rí níbẹ̀, ó dájú pé òde ni ó dúró sí. Ká fi ṣe àpẹẹrẹ pé ẹ̀rọ ka 3,000 nínú ìgò kìn-ín-ní, ó sì ka 600 nínú ìkejì. Bí a bá yọ 600 kúrò nínú 3,000, yóò ku 2,400. Iye yìí nìkan ni ó jẹ́ ti olùgbà. Ẹni tí kò bá ṣe ìyọkúrò yìí, irọ́ ni ẹ̀rọ rẹ̀ yóò pa fún un.

Ọ̀nà kan náà ni a fi ń mọ agbára oògùn mìíràn. A ó máa bu oògùn tuntun sí i díẹ̀díẹ̀ títí 2,400 yóò fi di 1,200, èyí nì ni pé oògùn náà ti lé ìdajì àwọn tí ó jókòó dìde. Èyí tí ó bá lè ṣe é pẹ̀lú ìwọ̀n kékeré ni ó ní agbára ìdìmú jù. Ní ọdún 1976, Snyder àti Seeman, olúkúlùkù láti ibi iṣẹ́ tirẹ̀, kéde ohun ìyanu kan: bí oògùn bá ti ń di olùgbà mú gírígírí tó nínú ìgò, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n tí aláìsàn nílò rẹ̀ ń kéré tó. Ìdí nìyí tí mílígíráàmù díẹ̀ fi tó nínú haloperidol, nígbà tí chlorpromazine sábà máa ń gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílígíráàmù lóòjọ́. Ohun tí ó wà nínú ọpọlọ màlúù sọ àsọtẹ́lẹ̀ nípa ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nínú orí ènìyàn. A sì tún rí ìdí tí àwọn oògùn wọ̀nyí fi lè mú kí ọwọ́ ẹni tí ń lò wọ́n máa gbọ̀n bíi ti aláìsàn Parkinson: ilẹ̀kùn tí wọ́n ń tì fún ìdàrúdàpọ̀ ọkàn ni ilẹ̀kùn tí ìrìn pẹ̀lú ń gbà wọlé.

Iṣẹ́ náà kò dúró síbẹ̀. Nítorí pé olùgbà rì sínú awọ ọlọ́ràá, àwọn onímọ̀ lo ohun tí ó ń ṣe bí ọṣẹ láti yọ ọ́ jáde, gẹ́gẹ́ bí ọṣẹ ti ń yọ epo kúrò lára aṣọ. Ní ọdún 1988 ni a ka àkọsílẹ̀ tí ara eku fi ń mọ ọ̀kan nínú àwọn olùgbà yìí. Nígbà tí ó fi di ọdún 1991, a ti mọ̀ pé irú olùgbà dópámíìnì márùn-ún ni ó wà. Ní ọdún 2018 ni a rí àwòrán ọ̀kan nínú wọn kedere, pẹ̀lú oògùn tí ó jókòó sínú rẹ̀. Lóde òní, a lè mú kí sẹ́ẹ̀lì inú ìgò hu olùgbà fúnra rẹ̀, èyí sì ti dín iye ẹranko tí a ń lò kù. Ohun tí ó tọ́ ni èyí, nítorí kò yẹ kí a pa ohun ẹlẹ́mìí kan lára bí ọ̀nà mìíràn bá wà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni ó yẹ kí a mú lọ sílé. Èkínní, àìsàn ọpọlọ jẹ́ àìsàn bí ibà ti jẹ́ àìsàn. Bí ọwọ́ baba àgbà bá ń gbọ̀n, tàbí bí ẹ̀gbọ́n ẹni bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, kì í ṣe ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ni ó kàn; ẹ jẹ́ kí a tètè mú un lọ sí ilé ìwòsàn, irú èyí tí Ìjọba Àpapọ̀ ní sí Ọ̀wọ̀, kí a sì bá a lò pẹ̀lú sùúrù, kí a má sì fi ṣe ẹlẹ́yà. Èkejì, ìwọ̀n ni ó yà oògùn sọ́tọ̀ kúrò lára májèlé. Asofẹ́yẹjẹ tí ń mú ara balẹ̀ lè mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, ó sì lè kó ìbànújẹ́ wọni lọ́kàn. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ wú gbòǹgbò rẹ̀ tàbí kí ó sè èso wèrèpè láti fi wo ara rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn baba wa mọ igi tí ó ń mú orí tí ó dàrú balẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò ní ẹ̀rọ láti mọ ìdí rẹ̀. Àwọn tí ó ní ẹ̀rọ rí ìdí náà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ igi kì í wá ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ igi ṣì wà nínú igbó Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ tí àwọn àgbà mọ ìlò wọn, tí ẹnikẹ́ni kò tí ì gbé wá síwájú ìgò àti ẹ̀rọ. Àwọn àgbà náà kò ní wà títí láé. Ẹni tí yóò bi wọ́n léèrè, tí yóò kọ ọ́ sílẹ̀, tí yóò sì wọ̀n ọ́ láìṣe àbòsí, ó lè jẹ́ pé ó ń ka ìwé yìí lọ́wọ́.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ìtumọ̀ orúkọ náà asofẹ́yẹjẹ? Kí ni àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ń lo gbòǹgbò rẹ̀ fún?
2. Ṣàlàyé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ohun tí reserpine ń ṣe àti ohun tí haloperidol ń ṣe nínú ọpọlọ. Lo àpèjúwe ìránṣẹ́ láti Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ́n.
3. Kí ni ìdí tí a fi ń gbé ọpọlọ màlúù sórí yìnyín ní kété tí a bá ti pa ẹran tán?
4. Ẹ̀rọ ka 4,500 nínú ìgò kìn-ín-ní àti 900 nínú ìgò kejì. Mélòó ni ó jẹ́ ti olùgbà? Kí ni 900 dúró fún?
5. Fi ọ̀rọ̀ ara rẹ sọ ìtumọ̀ àwọn òwe wọ̀nyí bí a ti lò wọ́n nínú àyọkà: (a) Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. (b) Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.
6. Kọ àròkọ kan tí kò ju ojú ìwé kan ààbọ̀ lọ lórí àkọlé yìí: “Bí ó ti yẹ kí a máa ṣe sí ẹni tí àìsàn ọpọlọ ń bá jà ní ìlú wa.”